Oyin Inú Ògiri Bàbá Ajíbóyè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, oyin bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti ara ògiri pálọ̀ Bàbá Ajíbóyè ní ìlú Àpátagún. Ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sọ̀ kalẹ̀, ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ bí ikun ọmọ tí òtútù mú, títí ó fi dé ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá náà. Ó pọ́n, ó sì dúdú, bí epo pupa tó ti pẹ́ nínú agolo. Tinúọlá, ìyàwó ilé, ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú, ó sì nu ìka náà sára ògiri kíákíá. Òórùn rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ adùn náà tí kò rí orúkọ fún, nǹkan tó ń rán an létí ìkòkò ọbẹ̀ ẹran tí ènìyàn gbàgbé sílé nígbà tó lọ sí ìrìn àjò.

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí á mọ bí ayé ṣe rí nígbà náà. Òkun ti gba gbogbo etídò, àwọn ènìyàn sì ti kó gun àwọn òkè Èkìtì. Òjò tó ń rọ̀ ní iyọ̀ nínú, òdòdó kò sì lè là lábẹ́ irú òjò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òdòdó lọ, oyin tẹ̀lé e. Odindi ìran kan ti dàgbà tí kò mọ oyin ju orúkọ lọ. Bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ, ṣúgà tí wọ́n yọ́ sínú omi ni wọ́n fi ń kan ahọ́n rẹ̀, àgbà tó ń ṣe é a sì máa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń purọ́ fún àlejò tí kò lè dá a lóhùn.

Nítorí náà, inú ìlú dùn nígbà tí Ilé Ìwádìí Ohun Ẹlẹ́mìí mú oyin-agbálé jáde. Kì í ṣe orí ilẹ̀ ni wọ́n ti sìn ín. Ibùdó Òkè-Sánmà, ilé irin ńlá tó ń yí ayé ká lókè lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti mú irúgbìn oyin àtijọ́ kúrò nínú yìnyín, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kòkòrò mìíràn là á, títí èyí tí kò nílò òdòdó fi jáde. Ògiri tí ẹ̀rọ amọlé ń mọ láyé ìgbà náà ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Inú àwọn ihò wọ̀nyí ni wọ́n kó oyin-agbálé sí. Ohun tí wọ́n sọ fún ìlú kò ju gbólóhùn kan lọ: ó ń kó ìdọ̀tí ilé jẹ, ó sì ń fi oyin san án padà. Ilé kọ̀ọ̀kan ń sọ pé bí ṣíbí kan ni òun ń rí, wọ́n á sì bò ó mọ́ inú ife bí oògùn.

Ẹni tó darí iṣẹ́ náà ni Ìbídùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin Bàbá Ajíbóyè. Òkè-Sánmà ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀, Àjọkẹ́, kú nínú ilé yìí. Orí àpáta ni Àpátagún dúró lé, abẹ́ àpáta náà sì ni omi tí gbogbo ìlú ń mu wà. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni sin òkú sílẹ̀. Ilé Ìyọ́kú ni wọ́n ń gbé gbogbo òkú lọ, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi omi gbígbóná yọ́ wọn títí kò fi ní ku nǹkan kan àfi ìyẹ̀fun eegun. Ojú ẹ̀rọ ni Ìbídùn ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó rí aṣọ funfun tí wọ́n wé, ó rí i bó ṣe wọ inú ẹ̀rọ, ìlẹ̀kùn sì padé. Omijé kì í já bọ́ ní Òkè-Sánmà, nítorí kò sí ohun tó ń fà á wálẹ̀. Ojú ènìyàn ni yóò dúró sí, tí yóò máa wú. Ó fi aṣọ gbá tirẹ̀ kúrò, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ó tó gòkè lọ, òun ló fi òwú aláró kó irun fún ìyá náà, ó ta kókó rẹ̀ sí apá òsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni Ìbídùn. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ìyá rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ilé yìí ló kọ́kọ́ kó oyin-agbálé sí. Ó ní ìrántí ni.

Bàbá Ajíbóyè kò fọwọ́ kan ohun tó ń jò lára ògiri. Nígbà tí Ìbídùn dé, tó kúnlẹ̀ kí i, ó ti pa ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà sórí àwo, ó ń fi igi ìtayín yí i síwá sẹ́yìn.

“Ìbídùn, kí ni à ń pe èyí?”

“Oyin ni, Bàbá.”

“Irun ara rẹ̀ dà?”

“Ẹ fi dígí yín sójú, sà. Ó ní irun, ó kéré ni.”

“Dígí wà lójú mi. Nínú àwa méjèèjì, èmi nìkan ni oyin ta rí.”

Ó wá ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní a-b-d. Nígbà èwe òun, ó ní, kò sí ọmọ tí kò mọ oyin yàtọ̀ sí agbọ́n. Oyin nípọn ní ìbàdí, ara rẹ̀ ní irun bí aṣọ ìnura, òdòdó ló ń wá kiri. Bó bá ta ọ́, oró rẹ̀ á kù sí ọ lára, òun náà á sì kú. Agbọ́n ń dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ènìyàn á rò pé yóò já, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa rọ̀ sísàlẹ̀ bó ṣe ń fò. Ó lè ta ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ó sì lọ sùn ní àlàáfíà. Bí oyin bá wọ ilé, èéfín ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ jáde. Ti agbọ́n, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sun kí ó tó tóbi. Wọn kì í sì í sá ẹran sílẹ̀ níbi tí agbọ́n wà, nítorí yóò gé e díẹ̀díẹ̀, yóò máa gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìbídùn fetí sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sí èyí tí kò mọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ agbọ́n gan-an ni òun fi la oyin àtijọ́ náà, ìdọ̀tí tí wọ́n sì sọ fún ìlú kì í ṣe eruku tàbí èérún búrẹ́dì. Ẹran ni. Òkú eku inú àjà, òkú ọmọńlé, eegun inú kòtò ìdáná: ohun tó bá ti ń rà ni kòkòrò náà ń gé jẹ, tó ń lọ bì sínú ihò ògiri, títí yóò fi di oyin. Ní Òkè-Sánmà, wọ́n ti jíròrò bóyá kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní bí ìlú bá gbọ́, kò sẹ́ni tí yóò fi kan ahọ́n.

“Kí ló ń jẹ?” ni Bàbá Ajíbóyè béèrè.

“Ìdọ̀tí ilé.”

“Ṣé ó máa ń wọ inú ilẹ̀?”

“Ibi tí oúnjẹ rẹ̀ bá wà ló ń lọ, Bàbá.”

Àgbà náà fa àga rẹ̀ díẹ̀, ó gún ẹsẹ̀ àga náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ẹní tó wà níbẹ̀, ó sì jókòó. Ìbídùn ti ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí òun ti dé, ojú kan náà ló máa ń jókòó sí, bí oòrùn tilẹ̀ ń gún un lójú níbẹ̀. Ó kà á sí ti ọjọ́ orí.

Tinúọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Démiládé, àbúrò Ìbídùn, ni ọkọ rẹ̀. Obìnrin ni ọmọ náà, ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nílé náà láti ìgbà tí Àjọkẹ́ ti kú, wọ́n sì ti ń pè é ní Ìyá kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Tinúọlá ń wẹ̀ ẹ́ nínú pálọ̀ nítorí ọyẹ́ tó wà níta, nígbà tí àwọn kòkòrò náà jáde láti ara ògiri. Wọn kò yà sọ́dọ̀ ọṣẹ, wọn kò yà sọ́dọ̀ omi. Ìwọ́ ọmọ tí kò tíì já ni wọ́n bà lé. Wọ́n ṣù mọ́ ọn bí eṣinṣin ṣe ń ṣù mọ́ egbò, wọ́n ń fi ẹnu gé e, ó sì ń dún, ohùn kékeré gbígbẹ kan bí ìgbà tí ènìyàn ń gé èékánná. Ọ̀kan fò lọ, ó gbé nǹkan dání.

Tinúọlá kò pariwo. Ó fi aṣọ tútù bo ọmọ, ó gbé e wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Démiládé ló dúró kojú wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Kòkòrò kan ṣoṣo ta á lọ́rùn, ó ta á létí, ó tún padà wá ta á lápá, ó sì rọra wọ inú ihò rẹ̀ lọ. Ìbídùn fi èéfín lé àwọn tó kù, ó fi amọ̀ tútù dí àwọn ihò tó wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ló fi ọṣẹ fọ ibi tí wọ́n ti ta àbúrò rẹ̀, tó gbé omi dídì lé e.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Démiládé wí, etí rẹ̀ ti ń wú, “irú oyin wo ló ń ta ènìyàn tí kì í kú?”

“Oyin tó níṣẹ́ lọ́wọ́.”

Démiládé kò rẹ́rìn-ín. Láti inú yàrá ni Tinúọlá ti sọ̀rọ̀, kò ṣílẹ̀kùn: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn kúrò nílé yìí. Mi ò fẹ́ oyin.” Ìbídùn ṣèlérí pé òun yóò kó wọn, bí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé Bàbá Ajíbóyè, tó pe kòkòrò náà ní agbọ́n, ni kò gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣíbí kan ni àwọn ará ìlú ń sọ pé àwọn ń rí. Lábẹ́ ògiri tirẹ̀, ìkòkò ni wọ́n ń gbé sí i. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó, wọ́n ń ṣe sàdáńkátà. Ìgbìmọ̀ Ìlú ti ránṣẹ́ pé àwọn yóò wá síbi ìsọmọlórúkọ náà, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí oyin yóò kan ẹnu ọmọ tuntun láti ìgbà tí òdòdó ti tán. Àgbà náà wo ògiri náà pẹ́, omi sì lé ròrò sí i lójú.

“Ìyá ilé yìí ló ń ṣe wá lóore,” ló wí. “Ó mọ̀ pé ọmọ òun dé.”

Ìbídùn kà á sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkòkò náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kòkòrò kì í dá oyin láti inú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n ohun tó bá jẹ ló ń bì. Eku ilé yìí kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ń gbá a lójoojúmọ́. Ó yẹ kí ó wá ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu gbogbo ìlú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ológbò kan ló kú sábẹ́ ilé.

Pálọ̀ kún ní òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ. Omi, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare wà lórí tábìlì, àwo oyin sì wà láàárín wọn, pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Aṣojú Ìgbìmọ̀, ọkùnrin sísanra kan tí ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fámúrewá, jókòó níwájú pátápátá. Bàbá Ajíbóyè wà lórí àga rẹ̀, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé oyin inú àwo kò ní kárí àwọn èrò, ó ní kí Ìbídùn lọ gé sí i. Ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn ògiri náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé afárá.

Ó fín èéfín sí i, ó ṣí i, ó na ọ̀bẹ wọlé. Òórùn náà jáde, ó gbá a lójú. Ìdin àwọn kòkòrò náà wà nínú ihò afárá, wọ́n funfun, wọ́n sanra, wọ́n ń yí nínú omi pupa bí ìrẹsì nínú ọbẹ̀, ègé kékeré kan sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ń jẹ. Ìbídùn ti rí irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í kó o nírìíra mọ́. Ọ̀bẹ rẹ̀ kọ́ nǹkan. Ó fà á. Òwú ni. Aláró. Bó ṣe ń fà á ló ń gùn sí i, irun funfun wé mọ́ ọn, ìda ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kókó kan wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Apá òsì ni wọ́n ta á sí.

Ó dúró pẹ̀lú òwú náà lọ́wọ́. Nínú òkùnkùn ihò ògiri, ó rí àwọn kòkòrò náà bí wọ́n ṣe ń tò gòkè bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, wọn kò kánjú, ẹrù sì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn. Ó wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Apá ibi tí àga Bàbá Ajíbóyè wà ni.

Láti pálọ̀ ló ti gbọ́ ohùn àgbà náà: “Oyin rèé. Ẹnu kì í kọ oyin. Ayé kò ní kọ̀ ọ́.” Wọ́n ṣe àmín.

Ó sáré. Nígbà tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà ti ń pọ́n ètè lá, ó ń la ẹnu sókè bí ọmọ ẹyẹ, ó ń wá sí i, àwọn ènìyàn sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Yéwándé. Àwo oyin ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí gbogbo ilé lè tọ́ ọ wò gẹ́gẹ́ bí àṣà, olúkúlùkù sì ń ti ìka bọ̀ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Fámúrewá lá ìka tirẹ̀ dé ìdí. Bàbá Ajíbóyè ti gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó ń fi ahọ́n nu igun ẹnu.

Ìbídùn kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tẹ́ òwú náà sórí àtẹ́lẹwọ́.

“Bàbá, níbo lẹ gbé ìyá mi sí?”

“O ṣáà rí i lójú ẹ̀rọ.”

“Bàbá.”

Àgbà náà wo òwú náà. Ó wo kókó ìpẹ̀kun rẹ̀. “Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ la wé lọ sọ́hùn-ún,” ló wí. “Wọn kì í tú aṣọ òkú àgbà wò. Ìyá yín kì í ṣe ẹran tí à ń sè. Ìyàwó ilé wa ni, inú ilé ló yẹ kó sùn. Abẹ́ ẹsẹ̀ mi ló wà.” Ohùn rẹ̀ wá yí padà, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. “Ìwọ náà, kí ni kòkòrò yín ń jẹ?”

“Ẹran,” ni Ìbídùn wí. “Ẹran tó bá ti kú.”

Gbogbo pálọ̀ ń gbọ́ àwọn kòkòrò náà nínú ògiri, bí wọ́n ṣe ń kùn lẹ́nu iṣẹ́. Nínú Bàbá Ajíbóyè àti Ìbídùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi pamọ́. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí òkú kòkòrò wà lórí àwo, kì bá tí rí báyìí. Ṣùgbọ́n àgbà bẹ̀rù pé wọn yóò wú òkú rẹ̀, onímọ̀ sì bẹ̀rù pé wọn yóò da oyin rẹ̀ nù.

Démiládé, tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibojì náà, ló yí ẹní kúrò, tó fi irin yọ táìlì. Aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín tẹ́ pẹlẹbẹ bí aṣọ tí ẹnì kankan kò sùn sínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń mira. Nígbà tó ká etí aṣọ sókè, eegun nìkan ló kù, ó mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n fọ̀ tán. Àwọn kòkòrò náà ti gbá a. Níbi tí àyà wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń mọ afárá tuntun.

Ọ̀gbẹ́ni Fámúrewá kò dé fèrèsé kí ó tó bì. Àwọn obìnrin ń ti ìka sọ́fun. Àwọn kan kò bì rárá. Wọ́n dìde jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láì dágbére, nítorí olúkúlùkù ló mọ iye oyin tó ń rí nílé tí kò fi han aládùúgbò, ó sì mọ ẹni tó wà lábẹ́ táìlì tirẹ̀. Ìgbà náà ni Ìbídùn mọ̀ pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti wọ Ilé Ìyọ́kú kì í ṣe ọ̀kan.

Bàbá Ajíbóyè tẹ̀ síwájú, èébì kún ẹnu rẹ̀. Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu mú, ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo fèrèsé, nítorí kò mọ ibi tí ènìyàn lè bi irú ohun bẹ́ẹ̀ sí. Ó gbé e mì padà.

“Agbọ́n ni, Bàbá,” ni Ìbídùn wí fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà jáde láti ara ògiri, ó fò yí pálọ̀ ká, ó sì bà sí igun ẹnu ọmọ, níbi tí oyin náà kù sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kan ètè rẹ̀. Démiládé gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà kò sọ̀ kalẹ̀. Ìbídùn na tirẹ̀, òun náà dúró. Ìyẹ́ kòkòrò náà, ojú rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ó mọ̀ pé láti ara ìyá òun ni gbogbo rẹ̀ ti hù. Àwọn ọmọ Àjọkẹ́ méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó.

Tinúọlá ló pa á. Ó fi ìka méjì mú un kúrò lẹ́nu ọmọ, ó tẹ̀ ẹ́ fọ́. Kòkòrò náà ta á kí ó tó kú, ṣùgbọ́n Tinúọlá kò wò ó. Ó ju òkú rẹ̀ sílẹ̀, ó fa etí ìró rẹ̀, ó fi nu ẹnu ọmọ náà, ó nu ahọ́n rẹ̀, ó ń nu ún títí ọmọ fi bú sẹ́kún, ó sì tún ń nu ún.